Wọ́n ń pè yín, wọn kò bá yín: Ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀ nípa fóònù onísíìmù méjì

Ẹ jẹ́ ká sọ pé aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, ní Ìjàn-Èkìtì. Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń bá ẹni tó máa ń kó ọjà fún un láti Adó-Èkìtì sọ̀rọ̀ lórí láìnì MTN rẹ̀. Iye tí wọ́n fẹ́ ta àpò ìrẹsì ni wọ́n ń fà á. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ tí wọ́n fi ń dúnàádúrà yìí, oníbàárà rẹ̀ kan tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú ọ̀nà Adó pè é lórí láìnì Airtel rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohun tó ń gbọ́ ni pé nọ́ńbà tó ń pè kò ṣeé bá. Oníbàárà náà kò dúró. Ó pe ẹlòmíì, ó ra àpò mẹ́ta.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó pàdé.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá. Mo mà pè yín títí láàárọ̀, àfi bíi pé ẹ ti pa fóònù yín."

"Háà, ọmọ mi! Fóònù mi ò kú rárá o, ọwọ́ mi ló wà látàárọ̀."

Àpẹẹrẹ lásán ni èyí, ṣùgbọ́n oníṣòwò tó ń lo síìmù méjì nínú fóònù kan mọ ìtàn náà dáadáa. Ohun tó sì yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Fóònù ìyá náà kò kú. Oníbàárà rẹ̀ náà kò sì purọ́. Nẹ́tíwọ̀kì kò dá, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe ibi sí i. Bí wọ́n ṣe ṣe fóònù onísíìmù méjì gan-an nìyẹn, àwọn tó sì ń tà á kì í sábà ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ń rà á.

Bí síìmù méjì ṣe di dandan

Nígbà tí fóònù alágbèéká dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ, 2001, àwọn olówó ló kọ́kọ́ ń lò ó. Síìmù nìkan tó ₦20,000 sókè, owó ìpè sì jẹ́ nǹkan bíi ₦50 fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n máa yọ. MTN àti Econet ló wà lójú ọpọ́n nígbà náà. Econet yìí náà ló padà di Vmobile, tó di Celtel, tó di Zain, kó tó wá di Airtel ní 2010. Ìgbà tí Glo dé ní 2003, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìpè ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ni nǹkan yí padà. Etisalat tẹ̀ lé e ní 2008. Òun ló di 9mobile ní 2017, tó sì tún yí orúkọ padà sí T2 ní 2025.

Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni síìmù ń wọ́n kù, títí tó fi di ohun tí wọ́n ń tà lábẹ́ agboòrùn. Àmọ́ ìyà kan kò tán. Pípe ẹni tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà rọ̀gbọ̀, pípe ẹni tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì mìíràn wọ́n. Nẹ́tíwọ̀kì tó dára ní Adó lè máà dúró dáadáa ní Ìjàn, èyí tó ń ṣe dáadáa ní Ìjàn lè dákẹ́ ní Ayésẹ̀gbà. Oníṣòwò kò lè sọ pé òun kò ní dá àwọn kan lóhùn nítorí nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n ń lò, ló bá ń kó fóònù méjì tàbí mẹ́ta káàkiri.

Àwọn tó ń ṣe fóònù ní ilẹ̀ Ṣáínà ló tètè rí ọjà nínú ìyà yìí. Ilé-iṣẹ́ Transsion, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, tó ń ṣe Tecno, Itel àti Infinix, gbájú mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú fóònù tó ń gba síìmù méjì. Nokia, tó jẹ́ ọ̀gá nídìí fóònù láyé ìgbà náà, ọdún 2010 ló tó kéde fóònù onísíìmù méjì tirẹ̀. Lónìí, ìwọ̀nba fóònù ni ẹ máa rí lórí àtẹ tí kò ní ojú síìmù méjì.

Ohun tí nẹ́tíwọ̀kì ń rí

Ẹni tó ni fóònù náà rí ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì kò rí i bẹ́ẹ̀. Ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń rí.

Nínú síìmù kọ̀ọ̀kan ni nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kan wà tó yàtọ̀ sí nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè yín. Eéjì 15 ló ní. 621 ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ti Nàìjíríà, èyí tó tẹ̀ lé e ló ń sọ nẹ́tíwọ̀kì tó ni ín: 30 ni MTN, 20 ni Airtel, 50 ni Glo, 60 ni T2. Fóònù náà tún ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IMEI. Ẹ tẹ *#06# lórí fóònù yín báyìí. Bó bá jẹ́ onísíìmù méjì, IMEI méjì ló máa jáde, ọ̀kan fún ojú síìmù kọ̀ọ̀kan.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí fóònù yín bá kí òpó MTN, ó ń sọ pé, "Èmi rèé, síìmù báyìí, fóònù báyìí." Nígbà tó bá kí òpó Airtel, orúkọ mìíràn àti nọ́ńbà fóònù mìíràn ló ń fi hàn. MTN kò mọ̀ pé síìmù Airtel wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Airtel náà kò mọ̀ nípa ti MTN. Kódà bí síìmù méjèèjì bá jẹ́ ti nẹ́tíwọ̀kì kan náà, oníbàárà méjì tí kò mọ ara wọn ni wọ́n ń kà wọ́n sí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí láìnì kan bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kò sí ẹni tó máa sọ fún ẹni tó ń pe ìkejì pé, "Ẹ dúró díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni."

Ẹnu ọ̀nà méjì, etí kan

Báwo wá ni fóònù kan ṣe ń gbọ́ ti nẹ́tíwọ̀kì méjì pọ̀? Àrékérekè díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀, fóònù kì í tẹ́tí sí òpó ní gbogbo ìgbà. Ńṣe ló máa ń sùn, tí á tají fún ìṣẹ́jú kékeré kan láàárín bíi ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, tí á gbọ́ bóyá òpó ń pè é, tí á tún padà sùn. Nítorí pé ìtají yìí kúrú, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń gba ìgbì afẹ́fẹ́ nínú fóònù lè tají fún MTN, kó tún tají fún Airtel, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Bí ẹni tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́nu ọ̀nà méjì ló rí. Á yọjú síhìn-ín, á yọjú sọ́hùn-ún.

Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá wọlé láti ẹnu ọ̀nà kan, tí ìdúnàádúrà bẹ̀rẹ̀, olùṣọ́ náà kò lè yọjú sí ìkejì mọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti fóònù. Bí ìpè bá ti wọlé lórí láìnì kan, ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn ti rí iṣẹ́ ṣe. Òpó láìnì kejì á ké pè é, kò ní dáhùn. Lójú nẹ́tíwọ̀kì, fóònù tí kò dáhùn kò yàtọ̀ sí èyí tó kú tàbí èyí tó wọ inú igbó lọ. Òun náà ló fi máa ń sọ fún ẹni tó ń pè pé nọ́ńbà náà kò ṣeé bá.

Àwọn fóònù kan wà tó ní ẹ̀rọ ìgbàgbì méjì, tí láìnì méjèèjì sì lè ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn kò pọ̀, owó wọn kì í sì í ṣe kékeré. Èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni elétí kan.

Kì í ṣe ìpè nìkan ni èyí kàn. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, bí dátà bá wà lórí láìnì kan, tí ẹ sì ń sọ̀rọ̀ lórí ìkejì, dátà náà á dúró títí ẹ ó fi sọ̀rọ̀ tán. Ẹni tó bá fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp láàárín àkókò yẹn á máa rò pé ẹ kàn ń wò ó níran ni.

Alẹ́ètì tó pẹ́ dé

Àtẹ̀jíṣẹ́ yàtọ̀ díẹ̀ sí ìpè. Bí nẹ́tíwọ̀kì kò bá rí láìnì yín, kì í ju àtẹ̀jíṣẹ́ nù lójú ẹsẹ̀. Á tọ́jú rẹ̀, á sì fi jíṣẹ́ nígbà tí láìnì náà bá tún yọjú. Ìdí nìyẹn tí alẹ́ètì ilé ìfowópamọ́ mẹ́ta fi lè dé lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn tí ẹ bá parí ìpè gígùn kan.

Ewu méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, nọ́ńbà ìdánilójú tí ilé ìfowópamọ́ ń fi ránṣẹ́ kí ẹ tó lè san owó kì í pẹ́ kú. Bó bá fi máa dé, ó lè ti kọjá àsìkò. Èkejì ló le jù. Oníbàárà á ní òun ti san owó, á na fóònù rẹ̀ sí yín lójú, á ní nẹ́tíwọ̀kì yín ni kò dára. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló ń sọ, nítorí ẹ ń sọ̀rọ̀ lórí láìnì kejì. Ó sì lè jẹ́ pé gbájú-ẹ̀ ni. Ẹ má gbé ọjà sílẹ̀ nítorí ohun tí ẹ rí lórí fóònù ẹlòmíì. Ẹ parí ìpè yín, kí ẹ wo iye owó tó wà nínú àkáǹtì yín fúnra yín.

Nǹkan mìíràn tún wà tó kan ẹni tó ń fi kóòdù ṣe òwò pẹ̀lú ilé ìfowópamọ́. Láti oṣù kẹfà, 2025, owó ìlò kóòdù náà, ₦6.98 fún ìṣẹ́jú àáyá 120, ti ń wá látinú kírẹ́díìtì orí láìnì, kì í ṣe látinú àkáǹtì mọ́. Bí kírẹ́díìtì yín bá wà lórí Glo, tó sì jẹ́ láìnì MTN ni ilé ìfowópamọ́ mọ̀, kóòdù náà kò ní ṣiṣẹ́ bí kò bá sí nǹkan kan lórí MTN. Láìnì tó bá so mọ́ àkáǹtì kò gbọ́dọ̀ gbẹ.

Kóòdù méjì tó lè gba ọjà là

Ọ̀nà àbáyọ wà, kò sì béèrè pé kí ẹ ra fóònù tuntun. Ẹ lè sọ fún nẹ́tíwọ̀kì pé nígbàkígbà tí kò bá rí láìnì kan, kó darí ìpè náà sí ìkejì.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Lórí láìnì Airtel, ẹ tẹ **62*, kí ẹ tẹ nọ́ńbà MTN yín, kí ẹ fi # parí rẹ̀, kí ẹ sì pè é bí ìgbà tí ẹ ń pe ènìyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí láìnì MTN, kí ẹ tẹ *43#, kí ẹ pè é. Èyí ló ń jẹ́ kí láìnì tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lè gbọ́ pé ẹlòmíì tún ń pè. Ẹ wá ṣe é ní ìdàkejì pẹ̀lú. Ẹ darí MTN sí Airtel, kí ẹ sì ṣí *43# lórí Airtel.

Láti ìgbà náà lọ, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí MTN, tí ẹnì kan pe Airtel, Airtel kò ní rí yín, á gbé ìpè náà fún MTN, ẹ ó sì gbọ́ "pín-pín" létí yín. Ẹ ó mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ lè dá a lóhùn, ẹ sì lè pè é padà. Ẹ tẹ *#62# bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti wọlé. Ẹ tẹ ##62# bí ẹ bá fẹ́ fagi lé e. Bó bá kọ̀, ẹ pe 300, nọ́ńbà kan náà tí gbogbo nẹ́tíwọ̀kì fi ń dá oníbàárà lóhùn láti 2023, kí ẹ ní kí wọ́n ṣí i fún yín.

Ẹ má gbàgbé owó o. Ẹni tó pè yín á san owó ìpè tirẹ̀ dé orí Airtel. Ẹ̀yin lẹ máa san èyí tó kù láti Airtel dé MTN, bí ìgbà tí ẹ̀yin fúnra yín pe MTN láti orí Airtel. Nítorí náà kírẹ́díìtì gbọ́dọ̀ wà lórí láìnì tó ń darí ìpè. Ẹni tí ìpè rẹ̀ pọ̀ púpọ̀ lè darí rẹ̀ sí fóònù ọmọṣẹ́ rẹ̀ dípò ti ara rẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ sì ti gbòòrò, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kan tó dá dúró fún láìnì oníbàárà sàn fún un ju síìmù mẹ́rin lọ.

Nẹ́tíwọ̀kì méjì lè jẹ́ òpó kan

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi síìmù méjì ṣe ìṣọ́ra. Wọ́n gbà pé bí ọ̀kan bá lọ, ìkejì á wà. Ìrònú náà dára, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2014, MTN àti Etisalat ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpó wọn fún ilé-iṣẹ́ IHS. Iṣẹ́ IHS sì ni kó máa yá nẹ́tíwọ̀kì tó bá fẹ́ láyè lórí òpó. Nẹ́tíwọ̀kì méjì tàbí mẹ́ta lè gbé ẹ̀rọ wọn kọ́ sára òpó kan ṣoṣo. Bí iná bá kú, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì tán nídìí òpó bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn lè lọ pọ̀. Ní 2025, T2 tún bá MTN wọ àdéhùn kí àwọn oníbàárà T2 lè máa gba orí òpó MTN kọjá níbi tí T2 kò sí. Ẹni tó wá ra T2 kó lè gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí MTN bá dá, ó lè jẹ́ ilé kan náà ló ti lọ yá aṣọ méjì.

Ẹ fi ojú ara yín wò ó ní àdúgbò yín fún ọ̀sẹ̀ méjì kan. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, ṣé láìnì méjèèjì ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá nẹ́tíwọ̀kì mìíràn fi rọ́pò ọ̀kan. Àwọn oní-POS ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí síìmù ló wà nínú ẹ̀rọ wọn náà, òun ló sì fi ń bá ilé ìfowópamọ́ sọ̀rọ̀. Síìmù inú POS àti ti inú fóònù wọn kò yẹ kó jẹ́ ti nẹ́tíwọ̀kì kan náà.

Ẹni tí kò bá sì fẹ́ràn nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ mọ́ kò ní láti ju nọ́ńbà tí àwọn oníbàárà ti mọ̀ nù. Láti oṣù kẹrin, 2013, ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti fàyè gba kí ènìyàn gbé nọ́ńbà rẹ̀ lọ sórí nẹ́tíwọ̀kì mìíràn. Ọ́fíìsì nẹ́tíwọ̀kì tí ẹ fẹ́ lọ bá ni ẹ ó lọ.

Láìnì tí ẹ gbàgbé lè di ti ẹlòmíì

Ewu tó kẹ́yìn ló dákẹ́ jù. Síìmù kejì máa ń di ọmọ àgbàtọ́ nínú fóònù, ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í lò ó. Òfin NCC fàyè gba nẹ́tíwọ̀kì láti pa láìnì tí kò mú owó wọlé fún oṣù mẹ́fà gbáko. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá láìsí ìyípadà, wọ́n lè ta nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì.

Ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà yẹn lẹ fi ṣí àkáǹtì, òun lẹ fi ń lo WhatsApp ọjà yín, tàbí òun lẹ kọ sára pátákó ṣọ́ọ̀bù, àjèjì kan ni alẹ́ètì yín á máa lọ bá, àjèjì kan náà ni àwọn oníbàárà yín á máa pè. Kò jí nǹkan yín, ó ra síìmù rẹ̀ ni. Ìpè kan lóṣù láti orí láìnì náà tó láti jẹ́ kó wà láàyè. Bí ẹ kò bá sì fẹ́ ẹ mọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò ní ilé ìfowópamọ́ kí ẹ tó jù ú nù.

Gbogbo láìnì yìí ló sì so mọ́ orúkọ yín. Láti oṣù kejìlá, 2020, ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí láìnì kọ̀ọ̀kan so mọ́ NIN ẹni tó ni ín. Ní oṣù kẹrin, 2022, wọ́n dí ìpè lórí mílíọ̀nù lọ́nà 72 láìnì tí kò tíì ṣe é. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹsàn-án, 2024 ni wọ́n fi ṣe gbèdéke ìkẹyìn. Síìmù tí ẹ yá ọmọṣẹ́ tó ti kúrò lọ́dọ̀ yín, ohunkóhun tó bá fi ṣe, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Ẹ tẹ *996# lórí láìnì kọ̀ọ̀kan kí ẹ mọ ibi tó dúró sí. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá kọ̀ láti tún ọ̀rọ̀ yín ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti fẹjọ́ sùn wọ́n, 622 ni nọ́ńbà NCC, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àwọn àgbà ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Síìmù méjì kò burú fún oníṣòwò, àwọn kan ò tiẹ̀ lè ṣe é tì láìsí i. Ohun tó burú ni kí ènìyàn gbà pé òun ní fóònù méjì nígbà tó jẹ́ pé etí kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yan láìnì kan fún ọjà, kí òun nìkan wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù àti lára rìsíìtì yín. Ẹ darí ìkejì sí i. Ẹ fi kírẹ́díìtì díẹ̀ sórí méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ gba fóònù ọmọ yín, ẹ fi pe ara yín nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí láìnì kejì lọ́wọ́, kí ẹ gbọ́ ohun tí oníbàárà yín ń gbọ́.